Ìjókòó Tó Fì Sápá Ọ̀tún

Láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni dídìde Kamta Prasad lórí bẹ́ẹ̀dì ti di iṣẹ́ ènìyàn méjì. Premila, ìyàwó rẹ̀, á kọ́kọ́ ká orúnkún rẹ̀ méjèèjì sókè díẹ̀díẹ̀, á yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, á sì ní, "Ó yá." Kamta á wa eyín pọ̀, á gbìyànjú. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń ṣe é tí ó fi ń dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ṣe é tí kò ṣeé ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹrin, igbe tí ọkùnrin náà ké mú kí ajá tó sùn sábẹ́ ilé sá jáde.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Ashika. Ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀."

"Ká sinmi kẹ̀? Ṣé òní ló yẹ ká sinmi? Aago mẹ́wàá ni wọ́n pè wá."

"Mo mọ̀."

"Bí mi ò bá débẹ̀, wọ́n á ní mo ti jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Fà mí, jàre."

Premila fà á. Ó dìde. Òógùn bò ó bí ẹni tó jáde lódò, ó sì di ògiri mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Ìrora náà kì í jókòó sójú kan. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á gba ìbàdí òsì kọjá, á sọ̀ kalẹ̀ sínú itan bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa wáyà gbígbóná gba inú iṣan, kò sì ní dúró títí yóò fi dé ọmọńdinrín ẹsẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Kamta fi wa bọ́ọ̀sì láàárín ìlú Tavua àti Lautoka. Ọdún mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn, bọ́ọ̀sì kan náà ni, èyí tí sípíríǹgì ìjókòó awakọ̀ rẹ̀ ti kú lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, ìdí rẹ̀ ọ̀tún á rì, ti òsì á yọ sókè, ẹ̀yìn á wá wọ́ bí ìrèké tí afẹ́fẹ́ tẹ̀. Bó ṣe wọ́ yẹn náà ni yóò máa fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì tó le bí òkúta, láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Kamta ká àpò ìrẹsì sábẹ́ ìdí. Ó ká aṣọ àlòkù. Ó ra tìmùtìmù lọ́jà. Ńṣe ni gbogbo wọn ń rì sínú ihò yẹn bí ẹni ń da iyanrìn sódò. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tí àwọn awakọ̀ ń kọ àléébù ọkọ̀ sí ní gáréèjì, ó kọ ọ́ títí ó fi sú u, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ tó wa bọ́ọ̀sì náà kẹ́yìn, ó gúnlẹ̀ sí ibùdókọ̀ Lautoka, èrò sọ̀ kalẹ̀ tán, òun ò lè sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e jáde bí ẹni gbé àpótí.

Dókítà ní wọ́n ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Suva, olú-ìlú. Bí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́ bá gbà pé iṣẹ́ ló fa àìsàn yìí, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni yóò gbé gbogbo ìnáwó. Bí wọn ò bá gbà, kó máa rá nílẹ̀ títí Ọlọ́run yóò fi pè é. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ òní fi ju ọjọ́ mìíràn lọ.

Ọkàn Premila balẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú ìwé àléébù ọkọ̀ yẹn ní gáréèjì, Dharmen ni, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, mẹkáníìkì tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù lọ nínú gbogbo wọn. Ìyá wọn kú nígbà tí Dharmen wà lọ́mọ ọdún méje. Ẹ̀yìn Premila ló dàgbà sí. Lánàá, ó sọ lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ni màá fi ọkọ̀ mi wá gbé yín láago mẹ́jọ. Ìwé yẹn á wà lọ́wọ́ mi."

Premila yan róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, ó se ọ̀dùnkún pẹ̀lú ewé kọrí, ó lọ àjàgbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kamta dúró jẹun nítorí pé kò lè jókòó. Phulmati, ìyá ọkọ rẹ̀, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó ń wò wọ́n pẹ̀lú ojú tí kì í kúrò lára nǹkan.

"Mo sọ fún un," ni ìyá náà ń wí, bí ẹni pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. "Mo ní, Kamta, fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, kó o lọ máa gé ìrèké bíi bàbá rẹ. Àwọn kan ní rárá. Wọ́n ní ìyàwó awakọ̀ níyì ju ìyàwó àgbẹ̀ lọ."

"Ìyá, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo ha dárúkọ ẹnì kan? Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá mu ni kó mu omi sí i."

"Màmá," ni Kamta wí, "ẹ jẹ́ n jẹun."

Aago mẹ́jọ lù. Ó kọjá. Premila jáde lọ wo ojú ọ̀nà, ó padà wọlé, ó tún jáde. Ó pe fóònù àbúrò rẹ̀, kò wọlé. Ó tún pè é. Nígbà tó di bí ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

"Ó lè jẹ́ pé táyà ọkọ̀ rẹ̀ ló jò," ni ó wí.

"Mẹkáníìkì tí táyà ń jò mọ́ lọ́wọ́," ni Phulmati wí.

Sereana ló gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà wọlé, aládùúgbò wọn tí ilé rẹ̀ wà lókè odò. Ó gbé òróró àgbọn tó fi ewé gbóná sí dání nínú ìgò, torí òun ló máa ń fi ra ẹ̀yìn Kamta láràárọ̀. Ẹnu Sereana kì í dákẹ́. Bó bá wọlé, gbogbo àdúgbò ló bá a wọlé. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ó ra ẹ̀yìn náà tán, ó nu ọwọ́, kò sọ nǹkan kan.

"Sereana, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Ìyá Ashika."

"Ìwọ tí o ò sọ̀rọ̀? Ta ló kú?"

Sereana wo Kamta tó di ògiri mú, ó fa Premila sẹ́yìnkùlé, sẹ́bàá igi gbẹrẹfútù. "Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé òfófó ni mò ń ṣe. Mo lọ ra ìyẹ̀fun láàárọ̀. Mo rí àbúrò yín. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó wọ bàtà aláwọ̀. Ọkọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yẹn ló wọ̀. Iwájú ló jókòó sí."

"Dharmen tèmi?"

"Ó rí mi, ó ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀ ọkọ̀."

Premila rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà jáde kó tó mọ̀. "Ìwé yẹn ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ṣé wọ́n á kàn jẹ́ kó gbé e jáde ni? Ó ní láti bá wọn lọ síbẹ̀ ni."

Sereana wo igi gbẹrẹfútù náà láti ìsàlẹ̀ dókè bí ẹni tí kò rí i rí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ilaitia ń kó ẹ̀gẹ́ lọ sọ́jà Lautoka. Kí n sọ fún un pé kó dúró dè yín?"

Báyìí ni wọ́n ṣe wọ píkọ́ọ̀pù Ilaitia, ọkọ Sereana. Wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú kí Kamta jókòó síwájú, ṣùgbọ́n ìjókòó náà rẹlẹ̀. Bó ṣe tẹ ìbàdí báyìí ni ó figbe ta, tí ojú rẹ̀ funfun. Ilaitia bọ́ sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀, ó tún àwọn àpò ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ tò, ó tẹ́ ẹní lé e. Orí ẹ̀gẹ́ ni wọ́n tẹ́ ọkùnrin tó ti gbé idajì ará Tavua lọ sílé ìwé, lọ sílé ìgbéyàwó, lọ sílé ìwòsàn. Premila jókòó tì í, ó fi agbòòrùn ṣíji bo ojú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ló ń na ọrùn láti wo ohun tí wọ́n rò pé òkú ni.

"Ṣé wọ́n ń wò mí?" ni Kamta bi í.

"Kò sẹ́ni tó ń wò yín."

"O ò mọ irọ́ pa rárá."

Nígbà tí wọ́n kọjá ìlú Ba díẹ̀, bọ́ọ̀sì kan fọn fèrè lẹ́yìn wọn, ó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ́ ya wọ́n sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì Kamta gan-an ni. Premila gbójú sókè. Awakọ̀ tuntun tó wà níbẹ̀ kò lè ju ọmọ ọdún márùnlélógún lọ. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún rẹlẹ̀, orí rẹ̀ fì síta bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí fèrèsé. Premila mọ ìdúró yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń rí ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ bó bá ń kọjá níwájú ilé. Bọ́ọ̀sì náà lọ. Eruku ọ̀nà oko ìrèké bò wọ́n.

Yàrá kékeré kan ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ náà, tábìlì gígùn kan àti fáànù tó ń dún. Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba tó jókòó sórí àga, tí wọ́n ń pè ní Màdáámù Unaisi, ní kí wọ́n jẹ́ kí Kamta dúró, kó fara ti ògiri. Lápá kejì tábìlì, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú lọ́yà rẹ̀. Dharmen jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun nítòótọ́. Premila rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Dharmen ń wo fáànù.

Nígbà náà ni ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu Premila.

Lọ́yà ní kó dìde. Ó dìde. Wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀, ó dáhùn. Wọ́n béèrè iṣẹ́ rẹ̀.

"Fóòmàn gáréèjì ni mí."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ Ajé."

Lọ́yà gbé ìwé kan sórí tábìlì. Ó ní ṣé ìwé àléébù ọkọ̀ nìyí? Dharmen ní òun ni. Wọ́n ní kó kà á. Ó ṣí i, ó kà á: oṣù yìí, kò sí àléébù; oṣù tó tẹ̀ lé e, kò sí àléébù; síìtì awakọ̀, wọ́n tún un ṣe, ó dára. Ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ti ọmọ tó ń ka ìwé tí kò yé e.

"Dharmen," ni Kamta wí láti ara ògiri, ohùn rẹ̀ kò le. "Ìwé wo nìyí? Ìwé tèmi ti fàya lẹ́yìn. Epo ọkọ̀ ti rẹ ẹ́. Ìwé tí ọdún mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀ á ha máa dán báyìí bí?"

Màdáámù Unaisi gbé ìwé náà, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó wo Dharmen lókè gíláàsì ojú rẹ̀. "Ṣé ìwé mìíràn wà?"

Dharmen tún gbójú sókè wo fáànù. Fáànù ń dún.

"Kò sí, mà."

Lọ́yà ò jókòó. Ó ní ó ku ìbéèrè kan. Ó ní ǹjẹ́ ẹlẹ́rìí mọ ohun mìíràn tó lè ba ẹ̀yìn Ọ̀gbẹ́ni Kamta jẹ́? Dharmen ní lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, lọ́jọ́ kejì ìjì ńlá, ọ̀gbẹ́ni náà gun òrùlé ilé rẹ̀ láti kan páànù, ó jábọ́, ẹ̀yìn ló fi lulẹ̀. Ó ní kò lè yí ara padà fún ọjọ́ méjì.

Ẹni mẹ́ta ló yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ yẹn láyé: Kamta, Phulmati àti Premila. Wọ́n fi pamọ́ kí ilé-iṣẹ́ má bàa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, Dharmen wá jẹun, Premila ń gé àlùbọ́sà, ẹkún ọkọ rẹ̀ bá ẹkún àlùbọ́sà, ó sì tú gbogbo rẹ̀ fún un. Inú ìdáná ni. Ẹnu òun náà ló ti jáde. Ẹyin lohùn.

"Ọ̀gbẹ́ni Kamta," ni Màdáámù Unaisi wí, "ṣé òótọ́ ni pé ẹ jábọ́?"

Kamta kò wo lọ́yà, kò wo Dharmen. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. "Òótọ́ ni, mà. Ọjọ́ kẹta ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́fà tí mo tún fi wakọ̀ lẹ́yìn rẹ̀."

"Ó gbà pé òun jábọ́," ni lọ́yà wí, ó sì jókòó.

Premila dìde. Wọn ò pè é, ó dìde. "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Mo rí bọ́ọ̀sì yẹn láàárọ̀ yìí. Ọmọ tó ń wà á fì sápá ọ̀tún. Wọn ò tún nǹkan kan ṣe! Ẹ rán ènìyàn lọ jókòó síbẹ̀. Kẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀ fúnra yín, kẹ́ ẹ wà á dé Tavua kẹ́ ẹ padà, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá orí òrùlé lẹ ti jábọ́."

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní bọ́ọ̀sì náà máa wà ní gáréèjì fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà ló mọ irú síìtì tí yóò wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Màdáámù Unaisi bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fi ìka méjì tẹ ojú rẹ̀. "Ìyá, ǹjẹ́ ẹ ní ìwé kankan? Ẹlẹ́rìí mìíràn? Awakọ̀ kan tó lè wá?"

Wọn ò ní. Àwọn awakọ̀ yòókù ní ọmọ nílé.

"Mo gbà yín gbọ́," ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kọ́ ni wọ́n ní kí n kọ síbí." Ó sì kọ ọ́: kò sí ẹ̀rí pé iṣẹ́ ló fa àìsàn náà. Ó pa fáìlì dé.

Níta, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lé wọn bá. Ó gbé tìmùtìmù tuntun kan dání tí ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní ilé-iṣẹ́ bá wọn dárò, ó ní kí wọ́n gba èyí fún ẹ̀yìn bàbá. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ gbà á. Ó gbé e kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó sì padà wọlé.

Kamta ò sọ̀rọ̀ láti Lautoka dé Tavua. Nígbà tí Premila gbé agbòòrùn sí i lójú, ó yí orí sápá kejì. Ì bá sàn kó bú u. Ì bá sàn kó ké. Ilaitia ń yẹra fún kòtò bí ẹni tó gbé ẹyin, ó sì tan rédíò, ó pa á, ó tún tàn án.

Nígbà tí wọ́n tẹ́ Kamta sórí bẹ́ẹ̀dì tán ló lanu.

"Ìwọ lo sọ fún un."

"Èmi ni."

"Ohun tí a ní kí o má tilẹ̀ sọ fún Ashika, ọmọ tí o bí."

"Àbúrò mi ni mo sọ fún, Bàbá Ashika. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo rò pé ẹ máa kú."

"Ó dáa. Mi ò kú. Wò mí."

Ó yí ojú sí ògiri. Premila dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tó máa gbé ara rẹ̀ sí.

Phulmati ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Premila ti múra de ohun tí ìyá náà máa sọ, ó ti rẹ orí sílẹ̀ fún un. "Kamta," ni ìyá náà wí, "ta ni kó sọ fún? Ògiri? Bí ẹrù bá wúwo lórí ènìyàn, ọmọ ìyá ẹni là ń ké sí kó bá ni sọ̀ ọ́. Ẹni a ní kó kín wa lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ṣé ẹni tó gbé ẹ̀yìn kalẹ̀ lo fẹ́ bá wí ni, àbí ẹni tó fẹ̀gún sọ́wọ́?"

Ìyá náà gbé kẹ́tùlù kaná, ó po tíì, ó gbé ife àkọ́kọ́ fún Premila. Láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí Premila ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, ìyá náà kò gbé tíì fún un rí.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti gba ìgboro ká. Nígbà tí Premila lọ pọn omi nídìí ẹ̀rọ, àwọn obìnrin mẹ́ta tó wà níbẹ̀ kí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gbé garawa, ó ń lọ, kò tíì yà lọ́nà tí ọ̀kan nínú wọn fi ní, "Òun àti àbúrò ẹ̀ ni. Wọ́n jọ jẹ owó ilé-iṣẹ́ ni. Ṣé ẹnì kan lè di fóòmàn lásán?" Èkejì ní, "Àwọn ọmọ ìyá kan náà, kí lẹ ń retí?" Sereana, tó jẹ́ ẹ̀kẹta, da omi garawa rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́sẹ̀ wọn. "Ó yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́," ni ó wí. Kò bẹ̀ wọ́n.

Òòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Premila jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ó mọ dídún ọkọ̀ náà. Nígbà gbogbo, ẹ̀yìnkùlé ni Dharmen máa ń gbà, yóò wọ ìdáná tààrà, yóò ṣí ìkòkò kó tó kí ènìyàn. Lónìí, ó dúró sídìí géètì, ó gbé ọ̀rá dání, ìrù ẹja ńlá kan yọ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Premila gbé atẹ ìrẹsì sílẹ̀. Ó dìde, ó nu àga kan, ó gbé e síwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Dharmen wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan ló tẹ̀ lé òun. Kò sẹ́nì kan. Òun ni wọ́n ń pè ní *ẹ*. Ó wọlé bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún, ó jókòó sétí àga, ó gbé ẹja sílẹ̀ sẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé—"

"Ẹ ò ní mu omi?"

Ó gbé omi wá nínú ife onígíláàsì, lórí abọ́ pẹrẹsẹ, èyí tí wọ́n fi ń gbé omi fún àlùfáà lọ́jọ́ àdúrà. Dharmen ò gbà á.

"Wọ́n ní àwọn máa lé mi. Wọ́n ti tẹ ìwé ìléniṣẹ́ náà, mo rí orúkọ mi níbẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá sọ bí wọ́n ṣe ní kí n sọ, àwọn á fi mí ṣe fóòmàn. Ọmọ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé ìwé yẹn nìkan ni wọ́n máa béèrè. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa béèrè èyí tó kù."

"Ta ló sọ èyí tó kù fún lọ́yà tó fi mọ̀ ọ́n béèrè?"

Dharmen tẹ orí ba.

"Ìwé àtijọ́ yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n ti sun ún."

"Wọ́n?"

"Èmi ni wọ́n ní kí n sun ún."

"Ẹ̀yin lẹ sun ún nìyẹn."

"Ẹ má pè mí ní *ẹ̀yin*!" Ohùn rẹ̀ ya, omijé bọ́. "Ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí bí ẹ ṣe máa ń gbá mi. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni, Dharmen ni."

Ọwọ́ Premila mọ etí yẹn, ó mọ orí yẹn, òun ló fọ̀ ọ́, òun ló gẹ irun rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di èkejì mú.

"A kì í gbá àlejò létí," ni ó wí.

Láti inú yàrá, Kamta ké: "Premila! Wá bá mi yí ẹ̀gbẹ́ yìí padà. Ó ti kú mọ́ mi lára." Ìgbà àkọ́kọ́ tó ké sí i nìyẹn láti ìgbà tó ti yí ojú sí ògiri.

"Mò ń bọ̀, Bàbá Ashika." Ó gbé ife omi tí ẹnì kan ò mu. "Ẹ forí jì mí, ọkọ mi ń pè mí. Ẹ bá wa kí àwọn ará ilé yín. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ bá wa ti géètì, nítorí ajá."

Ó wọlé, kò wẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìbàdí ọkọ rẹ̀. Ara ọkùnrin náà gbóná, ó sì wúwo. Níta, ó gbọ́ tí àga yí, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń lọ lórí òkúta wẹ́wẹ́, díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìró sílípáàsì Phulmati tó ń lé ẹsẹ̀ náà lọ, àti ohùn ìyá arúgbó náà tí kò pe ọmọkùnrin yẹn ní ohunkóhun rí ju "ìwọ ọmọ yìí" lọ.

"Ọ̀gbẹ́ni," ni ìyá náà wí lẹ́nu géètì, "ẹ gbàgbé ẹja yín."